Gbèsè Ìgè

Ní Ìjámọ̀, níbi tí ọ̀nà ti ń tín-ín-rín bí ìrù eku,
ibẹ̀ ni àgbẹ̀dẹ wa wà.
A kò gbé pátákó kọ́. Èéfín ni pátákó wa.
Bí o bá ń lọ síbi tí ìyá rẹ ní o kò gbọdọ̀ dé,
wàá kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ wa.

Ògúntìmẹ́hìn ló ni owú. Èmi ni mo ni ẹwìrì.
A ní idà tó máa ń dijú bí ó bá rí ọmọ ọwọ́.
A ní àṣíborí tí a fi ìkòkò irin mẹ́ta rọ,
tí òórùn ẹ̀wà ṣì ń jáde lára rẹ̀ bí òjò bá pa á.
Ọfà wà ní mẹ́fà-mẹ́fà, nítorí ìkeje kì í padà wálé.
"Kò wọ́n. Ẹ̀yin lẹ kò lówó."
Baba á sọ bẹ́ẹ̀ tán, á tà á láwìn.
Ìjẹ̀ṣà kúkú ni wá; kí la kò tà láwìn rí?
Á fa ìlà èédú sára ògiri:
"Bí o bá dé, wàá san án.
Bí o kò bá dé, n ó wá bá ọ."
Àwọn ọ̀dọ́ á rẹ́rìn-ín.

Ìgè gba ìgbàyà irin lọ́wọ́ wa.
Ẹsẹ̀ ló fi wáyé, ẹsẹ̀ náà ló fi jáde nílùú.
Ó ń lọ bá ohun tó ń jẹ òjìji ènìyàn lẹ́yìn òkè,
níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò ti rí nǹkan tẹ́ sílẹ̀
lẹ́yìn àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko.
Ẹgbàá mẹ́fà. Ó san ẹyọ kan.

Ẹ̀ẹ̀rùn kẹta dé. Baba mú owú rẹ̀, ó ní, "Tẹ̀ lé mi."

Lẹ́nu ihò náà, ó lóṣòó.
"Òṣó ni n ó máa ló títí n ó fi gba ẹgbàá márùn-ún mi."
Ohùn kan hó bí omi lórí iná: "Ta nìyẹn?"
"Ẹni tí Ìgè jẹ lówó."
"Mo ti jẹ Ìgè."
"Mo mọ̀. Ẹni tó bá jẹ onígbèsè ti jẹ gbèsè."

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Orúnkún mi ń ké, tirẹ̀ kò ké.
Nǹkan náà gbé òjìji mi lọ lóru,
ó dá a padà láàárọ̀, ó ní kò dùn.
Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ wa sú u.
Ó húkọ́, ó pọ ìgbàyà náà sí wa lẹ́sẹ̀:
"Gba irin rẹ, kí o dìde lójú mi!"

Baba kò dìde.
Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ irin náà lọ, tẹ̀ ẹ́ bọ̀,
bí ẹni ń wá ojú eéwo.
Lápá òsì, nísàlẹ̀ ọmú, ó ti fọ́.
Irin tó bá jẹ iná yó, títẹ̀ ló ń tẹ̀.
Èyí fọ́ bí àwo.

Mo rántí ọ̀sán náà. Mo rántí atẹ́gùn abẹ́ odán,
àti bí ọ̀pá ẹwìrì ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi.
Oorun àlá kan péré.
Mo jí, mo ń fín iná lọ, n kò sọ fún un.

Ó wò mí. Kò bi mí.
Ó dìde, oríkèé rẹ̀ ró.
Ó kí ihò náà pé ó dàbọ̀, bí a ti ń kí oníbàárà.

Nílé, ó fi omi nu ìlà Ìgè kúrò,
ó wá gbé èédú lé mi lọ́wọ́.
Ògiri kejì wà tí a kò kọ nǹkan sí rí.
Mo fa ìlà kan. Ó wọ́.

Lánàá, ọmọbìnrin kan wọlé, Ìlọ̀rí lorúkọ rẹ̀.
Ìgbàyà ló ń wá. Ó ní ẹ̀yìn òkè lòun ń lọ,
ó sì ń kánjú.
Baba kò dá a lóhùn. Ó wo ọ̀dọ̀ mi.
Mo ní kó jókòó.
Mo ní yóò pẹ́.